Àmín Tí Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin ẹbí Olúsànyà, èmi Ọmọ́níkẹ́, ìyàwó yín tó wà ní Mowe, ni mo kọ ìwé yìí. Ọdún márùn-ún ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, kò sì gbélé nínú mi mọ́. Lánàá ni Mọ́láyọ̀, ọmọ Àǹtí Bísí, wá kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wa. Ó ní kí Adébánjí ọkọ mi jọ̀ọ́, kó wá fa òun lé ọkọ lọ́wọ́ ní Sátidé, nítorí bàbá òun ti kú, àbúrò ìyá òun kan ṣoṣo ló sì kù. Ọkọ mi dáhùn pé, "Lọ sọ fún ìyá ẹ, kó kọ́kọ́ kó irọ́ tó pa mọ́ mi jẹ." Ọmọ náà sunkún títí ó fi dé géètì. Mo gbé mínírà tí mo fẹ́ fún un dání lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Àǹtí Bísí kò parọ́. Èmi ni òpùrọ́ ilé yìí.

Ẹ rántí pé a lọ sí erékùṣù Sàǹsíbà nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti fẹ́ lọ gbafẹ́ rí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni Màmá Ifọ̀, ìyá ọkọ mi, pè pé àyà ń dun àwọn, tí a sì padà lójú ọ̀nà. Bí a bá dé Ifọ̀, a óò bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ìrẹsì Ọ̀fàdà, ara wọn le koko. Ó dùn mí, n kò sì sọ ọ́ jáde. Mo kàn pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó máa dá wa padà.

Ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀, a kò jókòó. Láàárọ̀, a gun kẹ̀kẹ́ gba inú oko kànáfùrù. Adébánjí ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. A wọ inú ihò àpáta kan, ó wẹ̀ nínú omi tútù ibẹ̀, èmi jókòó létí. Lẹ́yìn náà ni a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iyanrìn funfun kan tó máa ń yọ láàárín òkun bí omi bá fà, tí omi sì máa ń bò bó bá tún kún. Nítorí pé n kò mọ odò wẹ̀, èmi ni mo gbé fóònù àwa méjèèjì kọ́rùn ní gbogbo ọjọ́ náà nínú ọ̀rá tí omi kì í wọ̀.

Láti àárọ̀ ni fóònù ọkọ mi ti ń gbọ̀n láyà mi. Àǹtí Bísí ni. Mo ń pa á, mo sì ń yọ orúkọ wọn kúrò kó má baà rí i. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ta ni, mo ní àwọn tó ń polówó ọjà ni. Wọ́n pè títí ó fi di ẹ̀ẹ̀keje. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo ti pa á jù láti jẹ́wọ́.

Orí iyanrìn yẹn ló ti ṣẹlẹ̀. Adébánjí fi awò bojú, ó dorí kodò sínú omi, ó ń wo ẹja. Ọlọ́kọ̀ ti ń ké sí wa pé omi ti ń kún. Fóònù tún gbọ̀n. Mo fẹ́ pa á, àfi bí ìka mi ṣe ṣèèṣì gbé e. Ohùn Màmá ni mo gbọ́, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. "Adébánjí, ṣé ìwọ nìyẹn? Wọ́n ti gbé mi wá sọ́síbítù. Má dààmú. Jẹ́ kí n ṣàdúrà fún ẹ." Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo ń pa fóònù. Mo dákẹ́. Màmá gbàdúrà, wọ́n sì dúró. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé wọn kì í kúrò lórí àdúrà láìgbọ́ àmín. "Ọmọ mi, ṣe àmín. Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń mí." Omi ti dé kókósẹ̀ mi. Mo pa ẹnu dé, èmi tí mo ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Adébánjí, kí ni mo ṣe fún ẹ?" Ni mo bá yọ orúkọ wọn kúrò, mo sì pa fóònù náà pátápátá. Mo sọ fún ọkọ mi pé iná ti tán nínú ẹ̀, a sì dìjọ ya fọ́tò.

Màmá kú kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, níwájú gbogbo yín, Àǹtí Bísí ní, "O gbé fóònù. Èmi ni mo fi sí Màmá létí. Wọ́n ṣàdúrà fún ẹ, o kọ̀, o ò ṣe àmín." Ọkọ mi búra pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yíjú sí mi: "Mọ́mì Tìmí, ṣé ẹnikẹ́ni pè?" Mo ní, "Rárá o. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú òkun." Ó gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ìyá méjì kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Àǹtí Bísí, mo kúnlẹ̀, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, àfi pé àbúrò yín kọ́ ló ń mí létí fóònù. Mọ́láyọ̀, ìwọ tó ń lọ sílé ọkọ, má ṣe dí ọkọ rẹ létí nítorí pé o fẹ́ kó jẹ́ tìẹ nìkan.

Adébánjí, n kò mọ̀ bóyá wàá ṣì fẹ́ rí mi nínú ilé yìí. Ọwọ́ rẹ nìyẹn wà. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, lọ fa ọmọ yẹn lé ọkọ lọ́wọ́. Àdúrà Màmá nìyí, n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: "Olúwa, ọmọ mi tó wà lójú omi, mú un gúnlẹ̀ láyọ̀. Má jẹ́ kí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú ká lẹ́yìn mi." Àmín rẹ ni wọ́n ń retí, kì í ṣe tèmi.