Ìdáhùn Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Àwo Kẹfà

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú. Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Stella, ìyàwó wa, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú.

Níyìọlá lorúkọ mi. Èmi ni mò ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Kògbọ́ láti ọdún 1981. Gbọ́lágadé tí àwòrán rẹ̀ wà níwájú yín yìí ló ń ta gìtá, òun náà ló ń kọrin. Ọbáfẹ́mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ló ń ta béèsì. Àwa mẹ́ta péré, orin páńkì, àwo mẹ́fà. Orin wa kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ, Àlàájà Sìlífátù tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa sì máa ń ní ó dà bíi pé wọ́n ń ju ìkòkò látorí àjà. Àlàájà, mo rí yín, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, inú Gbọ́lágadé á dùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra àwo wa ní Apple Junction mọ àṣà wa. Bí orin tó kẹ́yìn bá ti tán, màá pe orúkọ wa níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí mo bá pè á ní, "Mo wà." Ibẹ̀ ni àwo ń parí sí. Àwo kìíní, bẹ́ẹ̀ ni. Ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni. Títí dé ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́. Nígbà tí ara Ọbáfẹ́mi le, ilé rẹ̀ kì í gbèrò. Nígbà tí àìsàn gbé e ṣánlẹ̀, Gbọ́lágadé nìkan ló ṣẹ́kù. Ó ń pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹta lọ sílé ìwòsàn, ó tún ń pọ̀n ọ́n gòkè, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Ọbáfẹ́mi kú lọ́dún 2000. Nígbà tá a fẹ́ gba àwo karùn-ún sílẹ̀, mo ní ká fo orúkọ rẹ̀. Gbọ́lágadé yarí. Ó ní, "Pè é jàre, kó o fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un." Mo pè é, a dákẹ́. Nígbà tá a wá tẹ́tí sí i, mo gbọ́ ẹnì kan tó mí sínú, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. A ti pa fáànù, a ti ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ pa á rẹ́, Gbọ́lágadé di ọwọ́ mi mú.

Oṣù kejì ọdún 2008 tá a wà yìí la gba àwo kẹfà sílẹ̀. Mo pe Ọbáfẹ́mi, a dákẹ́. Mo pe Gbọ́lágadé. Ó ń wò mí, kò dáhùn.

Mo ní, "Wọ́n pè ọ́ o."

Ó ní, "Mo gbọ́. Fi àyè tèmi náà sílẹ̀."

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ṣe ohun tí kò yẹ. Nígbà tó lọ tán, mo gé "Mo wà" rẹ̀ nínú àwo kìíní, ohùn ọmọ ogún ọdún, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè náà. Mo rò pé màá fi dá a dúró ni. Ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí àga, kò dìde mọ́.

Stella, má bínú pé mo sọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, Stella ní òun kò lè sunkún pe ọkọ òun nínú ilé. Bó bá ti pè é, ẹnì kan á dáhùn láti yàrá pé, "Mo wà." Ó ní, "Bọ̀dá Níyì, kì í ṣe ohùn ọkọ mi. Ọmọkùnrin kan ni. Mi ò mọ̀ ọ́n rí." Èmi mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án òní, mo pa ìdáhùn yẹn rẹ́. Mo fi àyè náà sílẹ̀ bó ṣe wí. Mo tẹ́tí sí i. Ẹnì kan mí sínú. Lẹ́yìn náà, ẹnì kejì.

Gbọ́lágadé, dárí jì mí. Èmi ni mo dè ọ́ mọ́lẹ̀, mo ti tú ọ báyìí. Máa lọ, kí ọ̀nà là fún ọ. Bó o bá kan àtẹ̀gùn lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ Ọbáfẹ́mi á ti le, òun náà á pọ̀n ọ́ gòkè. Bó o bá sì gbọ́ orúkọ rẹ nílé, má dáhùn. Ẹkún ni, kì í ṣe ìpè.

Pásítọ̀, ẹ forí jì mí, mo fẹ́ pe orúkọ wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn dáhùn. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ dákẹ́.

Ọbáfẹ́mi.

Gbọ́lágadé.

Níyìọlá.

Mo wà.