Lẹ́tà Tó Rọ̀gbọ̀kú Níwájú Àna Mi

Nígbà tí eegun mi ṣì le… ẹ gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi, ẹ má jẹ́ kí n máa pariwo. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń kọ pátákó. Ọwọ́ ni. Ọwọ́ mi yìí! Lẹ́yìn tí ìjọba yí ìwakọ̀ sí apá ọ̀tún, tí ọkọ̀ ń pọ̀ sí i, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ síwájú ọkọ̀ l'Ósí, dé Ìlọ́fà, dé Odò-Ọ̀wà.

Ẹ gbọ́, irú lẹ́tà pátákó kan wà tí wọ́n mọ̀ mí mọ́. Ó sanra bí apá alágbẹ̀dẹ, ó sì fì síwájú bí ẹni tó ń sáré. Ìlọrin ni mo ti kọ́ ọ. Màá fi ẹfun fa ìlà, màá fi rúlà dá a sí ẹ̀gbẹ́, màá kùn ún ní dúdú, màá wá fi òjìji pupa sẹ́yìn ẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní onísáré. Ọkọ̀ tó ti kú sẹ́yìnkùlé láti oṣù mẹ́ta, tí mo bá ti kọ onísáré sí i, ẹ ó rò pé ó ń lọ ni. Télọ̀, onífọ́tò, onígbàjámọ̀, gbogbo wọn ló ń fẹ́ ẹ. Lónìí ńkọ́? Ẹ tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà ti fì. Ẹ pe ìyẹn níṣẹ́?

Ìgbà yẹn náà ni mò ń fẹ́ ìyá àgbà yín, n'Ísọlọ̀-Òpin. Àgbà ìjọ ni bàbá ẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna, á kó ọ̀rẹ́ lẹ́yìn, á lọ kọ ebè. Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, "Èyí á kàn ba oko mi jẹ́ ni. Pátákó ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ṣá. Ìyẹn ni kí o fi ṣe ọ̀wẹ̀." Inú mi dùn! Onísáré ni mo kọ, èyí tó dáa jù láyé mi.

Bàbá dé. Ó wò ó. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó tún wò ó…

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà?"

"Mo máa ń dọ̀bálẹ̀, sà."

"Lẹ́tà ẹ ń rọ̀gbọ̀kú. Níwájú Ọlọ́run! Ẹni tí lẹ́tà ẹ̀ ò lè dúró, báwo ló ṣe máa dúró ti ọmọ mi? Gbé wọn dìde kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, má wá síbí mọ́."

Háà, ó dùn mí o, ẹ̀yin ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa torí lẹ́tà pàdánù ìyàwó? Mo pa á rẹ́. Mo kọ òmíràn tó dúró ṣánṣán, tó tín-ínrín bí àwọn tó ń gbààwẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi nìyí." Látìgbà náà, n kò kọ onísáré mọ́, kí àna má lọ rí i lára ọkọ̀.

Ó pẹ́. Bàbá ti lọ, ọmọ wa ti di mẹ́rin. Mo wá ń fọ́nnu lọ́jọ́ kan bí mo ṣe fi ọgbọ́n fẹ́ ìyá àgbà yín. Ẹ̀wà ló ń ṣà, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Bàbá Ṣadé, lẹ́tà tó ń sáré yẹn ni mo rí lára ọkọ̀ tí mo fi ní kí wọ́n fi ẹni tó kọ ọ́ hàn mí. Ọjọ́ tí mo rí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ tún kọ, ẹkún ni mo sun. Mo ní, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé rèé, ó sì pa á rẹ́ láìjiyàn."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ? Ó ní, "Ẹ ò bi mí."

Hmm… Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ra yín lórí fóònù, ẹ máa bi ara yín léèrè o. Èmi tẹ́ àna lọ́rùn. Ìyàwó ni mi ò bi.