Ẹ̀fọ́ Ọmọ Ọdún Kan Àbọ̀

Mò ń ṣa ẹ̀fọ́ ugu lọ́jà Uselu, níbi tí a kì í ti í sábà gbọ́ Yorùbá, nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó pọn ọmọ ọdún kan àbọ̀ ló ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Mọ́mì, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún un ní ẹ̀fọ́ àti ọkà bàbà. Ojoojúmọ́ ni mò ń sè é. Síbẹ̀, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n láàárọ̀ yìí, ó tún fúyẹ́ sí i. Nọ́ọ̀sì wá ń wò mí bí òpùrọ́.”

“Báwo lo ṣe ń sè é, ìyàwó mi?”

“Mo máa rẹ ọkà bàbà, mo máa lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́, mo máa sẹ́ ẹ, kí n tó gbé e kaná.”

“O máa ṣe kí ni?”

“Mo máa sẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà lẹ ní oúnjẹ ọmọ ò gbọdọ̀ ní eèrí.”

“Ògì ni mo sọ! Kò tíì léyín nígbà yẹn! Eèrí ẹ̀fọ́ náà wá ńkọ́?”

“Mò ń dà á fún àwọn adìẹ yín.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, “Abájọ tí wọ́n fi sanra.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. “Ṣé adìẹ ni mò ń dáná fún láti ọjọ́ yìí ni?”

Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ na ọwọ́, ó já ewé kan nínú ẹ̀fọ́ mi, ó fi í sẹ́nu. Mo ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ,” mo fẹ́ gbà á. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má gbà á lẹ́nu ẹ̀.”