Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ń Wọ́ Tẹ̀lé Ọkọ̀

Ní ọjà Alábà, níbi tí mo ti ń dúró de fáànù mi tí wọ́n ń tún ṣe, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ológun ojú omi kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyàwó rẹ̀, nígbà tí oníṣẹ́ náà sọ fún wọn pé kò sí nǹkan tó ṣe rédíò wọn.

"Bàbá Kẹ́mi, mo sọ fún yín. Etí yín ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Etí tèmi? Etí tí mo fi ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi nígbà tí wọ́n rán wa lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun?"

"Ẹ̀rọ ló ń gbọ́ ọ, kì í ṣe etí yín."

"Ẹ̀rọ ń gbé e wá, etí ló ń dá a mọ̀. Láyé àtijọ́, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń so ẹ̀rọ náà mọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì wa sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n wá so ó mọ́ wáyà gígùn, wọ́n ń wọ́ ọ tẹ̀lé ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Síbẹ̀, omi òkè gbóná, ti ìsàlẹ̀ tutù, ohùn míì kì í gba àárín wọn kọjá. Ìyẹn ni wọ́n ṣe tún ń rì í lọ sísàlẹ̀ sí i."

"Kẹ́mi pè yín lánàá, ó ń sunkún. Ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ pa fóònù. Èmi gbọ́ gbogbo ohun tó sọ."

Bàbá gba rédíò náà padà. Ó wá ní, "Lójú omi, tá ò bá gbọ́ nǹkan kan, a kì í sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. 'A ò gbọ́' la máa ń sọ."

Ó gbé rédíò náà sábẹ́ apá.

"Ọsibítù wo ni? Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń pa Kẹ́mi lẹ́kún fún mi. Sọ ọ́ sókè."