Ẹ̀jẹ̀ Mi Ni Mo Fi Rọ́pò Ti Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ìyàwó Kẹ́hìndé, ìkejì mi, ti ń fura sí mi.

Èmi ni Táyé. Tafo ni wọ́n bí wa sí, níbí ní Kumasi. Kẹ́hìndé ń wa takisí, ó sì máa ń ki tábà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí oorun má baà gbé e lọ nídìí ọkọ̀. Nígbà tó yá, nǹkan funfun kan yọ sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, kò ṣeé nù kúrò. Dókítà eyín ní àfi kí àwọn gé díẹ̀ níbẹ̀ wò. Ó ní kó kọ́kọ́ fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀, torí àwọn ń wádìí bóyá àmì àrùn jẹjẹrẹ ẹnu lè tètè hàn nínú ẹ̀jẹ̀.

Kẹ́hìndé kọ̀. Ó ní ẹnu ló ní àbùkù, kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ apá òun ṣe? Èmi náà fura. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tà á ni. Ṣùgbọ́n Memuna, ìyàwó rẹ̀, kò jẹ́ kó sinmi. Ni Kẹ́hìndé bá pè mí sẹ́yìn ilé.

"Táyé, ṣebí èmi ni mo rán ọ ṣáájú wá sáyé? Lọ bá mi tọ́ èyí náà wò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Láti kékeré, tó bá rán mi níṣẹ́, mo máa ń jẹ́ ẹ ni. Mo mú káàdì rẹ̀, mo lọ. Ọmọbìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ kò wo ẹnu mi rárá. Ó wo àwòrán ara káàdì, ó wo ojú mi tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó gún apá mi.

Nọ́ńbà mi ni mo fi sílẹ̀, èmi ni wọ́n sì pè. Wọ́n ní àwọn kò rí àmì kankan, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó, kí Kẹ́hìndé ṣì wá kí àwọn gé ibi funfun náà wò. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà, pé wọn kò rí àmì kankan, ni mo sọ fún Memuna. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì yọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Funfun náà ti di pupa báyìí, ó ti le. Kẹ́hìndé kò lè fi ata sẹ́nu mọ́. Ó ní tí mo bá tú àṣírí náà, kí n má pe òun ní ìkejì mi mọ́. Lánàá, Memuna wo apá mi títí. Ó ní òun rántí òwú kan tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi nígbà yẹn. Ó wá fi orúkọ ọmọ mi pè mí:

"Bàbá Ràfíà, mepa wo kyɛw, ẹ má bínú o. Apá ta ni wọ́n gún?"

Mo ní eéwo ló sọ mí lápá lọ́jọ́ náà.

Àwa tí à ń fura sí dókítà, àwa gan-an la ṣe màgòmágó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Tí mo bá sọ, mo pàdánù ìkejì mi. Tí mo bá dákẹ́, mo pàdánù rẹ̀ náà ni. Èwo ni kí n mú?