Ẹ̀yìn Lẹ́tà Olóyè

Alága ọjọ́ òní, mo kí yín. Baálẹ̀ Ajah, kí ẹ̀mí yín gùn. Lèmọ́mù wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wá láti Eleko, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú wa sílẹ̀ ni mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹ̀ka yìí, lónìí ni mò ń gbé e sílẹ̀. Ẹ mọ àṣà wa: lẹ́tà tó bá wọlé, ẹni yòówù kó ni ín, èmi Kàsímù ló máa já a, Kàsímù ló máa kà á fún un. Gbogbo yín ti ń yìn mí láti àárọ̀ pé olóòótọ́ ni mí. Ẹ má tíì yìn mí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.

Àáfà Tàjùdéèn, ẹ dákun, ẹ wojú mi. Kéwú yín jinlẹ̀, kò sí ẹni tó kan ọkọ̀ ojú omi tó yín, àmọ́ ẹ ò kọ́ ábídí. Nígbà tí Olóyè Adéwálé, ọ̀rẹ́ yín, ń wá kí ẹgbẹ́ fa àwọn kalẹ̀ fún ipò ààrẹ orílẹ̀-èdè, wọ́n kọ lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ sí yín. Wọ́n ní: 'Tàjù, ìwọ nìkan ni mo lè bi. Ṣé kí n jáde, àbí kí n jókòó? Bí o bá ní kí n jáde, kó àwọn aṣojú Ajah wá bá mi.'

Ẹ̀yin èèyàn mi, owú jẹ mí. Èmi tí mò ń kọ gbogbo ìwé ẹgbẹ́, èmi tí mo fẹsẹ̀ rin iyanrìn dé Lakowe nítorí ìbò, ṣé ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló yẹ kí wọ́n bi? Àáfà, ìkíni nìkan ni mo kà fún yín, mo ní ó parí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n bá yín kí wọn padà. Mi ò kọ ìyẹn náà.

Olóyè retí títí. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa yan olùdíje pé, Ajah ò yọjú, wọ́n fìdí rẹmi. Láti ìgbà náà wọn kì í yà sílé yín mọ́. Àìmọye ìgbà lẹ ti bi mí pé, 'Kàsímù, kí ni mo ṣe fún ọ̀rẹ́ mi yìí?' Màá ní, 'Òṣèlú nìyẹn, Àáfà.'

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń kó ẹrù mi ní ọ́fíìsì, lẹ́tà náà bọ́ sílẹ̀, ó dojú dé. Mi ò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò rí. Ohun tí Olóyè kọ síbẹ̀ ni pé: 'Kàsímù ni kó kà á fún ọ. Ọkàn mi balẹ̀ sí i, kì í fo ọ̀rọ̀.'

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí owú tú ilé ẹnikẹ́ni nínú yín ká. Kó fún ẹ̀ka wa ní akọ̀wé tó sàn jù mí lọ. Mùínàt, ọmọ Àáfà, tíṣà ni ọ́. Gba lẹ́tà yìí, kà á fún bàbá rẹ, tojú tẹ̀yìn. Mò ń dúró níbí títí wàá fi kà á tán. Ẹ ṣé o.