Àǹtí Tó Gbààwẹ̀ fún Ẹni Inú Ìwé

Lórí ìlà ìsanwó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa kan ní Richmond, obìnrin méjì tó wà níwájú mi ń sọ̀rọ̀ ìwé ìtàn ìfẹ́ kan tí wọ́n ti pa èèyàn nínú ẹ̀. Èyí tó jẹ́ àbúrò nínú wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ ti kà á tán?"

"Mo ti kà á tán, inú sì ń bí mi. Ìfẹ́ ni mo torí ẹ̀ rà á. Níbi tí ọlọ́pàá bá ti ń wádìí, mo máa ń fò ó ni."

"Ibẹ̀ gan-an ló dùn. Tí wọ́n bá ti ń fẹnu kora wọn lẹ́nu jù, oorun ló máa ń kùn mí."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọkọ ìyàwó ló pààyàn?"

"Bàtà ẹ̀ rin fún omi lọ́jọ́ tó ní òun ò jáde nílé."

"Bàtà wo? Ẹ̀rín ẹ̀ ni mo ń wò. Mo tiẹ̀ gbààwẹ̀ fún un, kí ìyá ìyàwó lè gbà á. Ìfẹ́ bò mí lójú, mi ò rí òkú."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé láti sún síwájú.

"Ẹ ti wá kọ́gbọ́n báyìí."

"Dáadáa. Ọmọbìnrin mi ń mú ọkùnrin kan bọ̀ wálé ní Sọ́ńdè. Mo máa wádìí ẹ̀ fínnífínní."

"Ẹ ti rí i rí?"

"Fọ́tò ẹ̀ nìkan. Ó rẹ́rìn-ín."

Èyí tó jẹ́ àbúrò já ọ̀rá ìpápánu ṣin-ṣín kan, ó nà án sí Àǹtí. Àǹtí mirí.

"Mò ń gbààwẹ̀."

"Nítorí ta ni?"

"Nítorí ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò yẹn."